Alímọ̀ṣọ́ Kì Í Ṣe Ẹ̀yìnkùlé Èkó: Àtúnṣe Àṣìṣe Kan Nípa Àwọn Ìlú Àwórì

Bí ọ̀rọ̀ ìtàn àti àṣà bá délẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ibì kan náà ni gbogbo wa máa ń tọ́ka sí: Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìga Ìdúngánrán, Ẹyọ, àwọn ilé alárànbarà tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Pópó. Bí ojú bá tún là díẹ̀ sí i, a ó fi Badagry àti Ẹ̀pẹ́ kún un. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Ìkọ̀tún, Ìgàndò tàbí Ẹ̀gbẹ́dá. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, igbó lásán ni Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó gé e ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì fún àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Súrùlérè àti Yábàá. Wọ́n gbà pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí ju kíkọ́ ilé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n tilẹ̀ gbà pé ìlú ni wọ́n a máa ní Èkó ni ó bí wọn, pé àwọn ará erékùṣù ni wọ́n ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ibẹ̀.

Àṣìṣe gbáà ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ju kí a kàn gbàgbé ìlú mélòó kan lọ, nítorí ńṣe ni ó dorí ìtàn Èkó fúnra rẹ̀ kodò.

Àlùfáà J. B. Wood kọ ìtàn Èkó sílẹ̀ ní 1878. John B. Losi tẹ tirẹ̀ jáde ní 1914. Láti ìgbà náà wá, ìtàn tí àwọn òǹkọ̀wé ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Àwórì kò yí padà púpọ̀. Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó ń tẹ̀lé àwo kan tí wọ́n gbé lé ojú omi, ibi tí àwo náà bá sì rì sí ni kí ó tẹ̀dó sí. Àwo rì ní Ìṣẹ̀rí, lẹ́bàá Odò Ògùn, nǹkan bíi máìlì méjìlá sí àríwá Èkó. Ibẹ̀ ni ó dúró. Nígbà tí ogun ká wọn mọ́, òun àti àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, wọ́n sì tún ré kọjá sí Ìdó, nítorí pé omi yí Ìdó ká, ọ̀tá kò sì lè já lù wọ́n lójijì níbẹ̀. Ìdó kéré. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ oko fi há, ni wọ́n bá ń tukọ̀ lọ sí erékùṣù ńlá tí ó wà níwájú láti dáko àti láti pẹja. Títí di òní, wọ́n ń sọ ọ́ pé oko ata Olóyè Arómirẹ́ ni ilẹ̀ tí ààfin ọba Èkó dúró lé lórí.

Kò pọn dandan kí òǹkàwé gba ìtàn àwo yẹn gbọ́. Ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò ṣàì ní irú rẹ̀ nínú, ní ilẹ̀ wa àti ní ilẹ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tí ń sọ ọ́ lè má fẹnu kò lórí orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tàbí lórí ogun tí ó lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀nà tí ìrìn náà gbà: láti ilẹ̀ òkè wá sí etí ọ̀sà. Ilẹ̀ òkè ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé, erékùṣù ni wọ́n dé kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ní Èkó ni ó bí àwọn ìlú Àwórì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti sọ ọmọ di bàbá.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà ní òkè ni ó bá Ọlọ́fin lọ. Àwọn Àwórì tàn káàkiri igbó àti ẹ̀bá odò tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Odò Ògùn, wọ́n sì dá ìlú sílẹ̀: Ọ̀tà, Ìgbẹsà, Ìbà, Ọ̀jọ́. Àárín àwọn wọ̀nyí ni ilẹ̀ tí a ń pè ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí wà. Orúkọ tí àwọn kọ̀ǹdọ́ ń ké láàárọ̀ ní ibùdókọ̀, tí wọ́n ń sáré pè tí wọ́n fi ń wọ ara wọn, Ìkọ̀tún, Ìgàndò, Ìdímù, Ìjẹ̀gùn, Ìpájà, Ayọ̀bọ́, orúkọ ìlú Àwórì ni wọ́n. Ìkọ̀tún ní Oníkọ̀tún, Ìgàndò ní Onígàndò, Ìdímù ní Onídímù, Ayọ̀bọ́ ní Aláyọ̀bọ́. Gbogbo ẹni tí ó ń wọkọ̀ l'Ékòó ni ó mọ Ìyànà Ìpájà, ṣùgbọ́n ta ni ó ń ronú pé ìlú kan ti gbọ́dọ̀ wà nínú lọ́hùn-ún kí oríta tó ya sí i?

Ìtàn àwọn ọba Èkó pàápàá gba Ìṣẹ̀rí kọjá. Nígbà tí jagunjagun Bìní kan tí wọ́n ń pè ní Aṣérù kú sí agbègbè yìí, Aṣípa, ìjòyè Àwórì láti Ìṣẹ̀rí, ni ìtàn àwọn ará Èkó sọ pé ó gbé òkú rẹ̀ padà sí Bìní, tí ọba Bìní sì fi ipò dá a lọ́lá nítorí rẹ̀. Láti ara Aṣípa ni ìran tí ó ń jọba ní Èkó ti ṣẹ̀. Àwọn ará Bìní ní tiwọn sọ pé ọmọ ọmọ ọba àwọn ni Aṣípa, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Èyí kò ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́. Ibi yòówù kí a ti bí Aṣípa, àwọn onílẹ̀ tí ìran rẹ̀ bá níbẹ̀ ni àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè adéfìlà-funfun, ọmọ Ọlọ́fin ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Àmódù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ náà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, dájọ́ pé ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólúwa, pé àwọn ará ìlú ni wọ́n ni ín, pé ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀tọ́ tí ìran Ọlọ́fin ní lórí ilẹ̀ ni Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa dé Lọ́ńdọ̀nù láti gbèjà.

Kí ni ó wá mú kí àṣìṣe yìí rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Èkíní ni pé kò sí ilé àtijọ́ tí àlejò lè yà ní fọ́tò. Amọ̀ àti igi ni àwọn bàbá wa fi kọ́lé ní ìlú oko, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko ni wọ́n fi bò ó, òjò méjì sì tó láti wó ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀ mọ́. Èkejì ni ogun. Ní 1842, àwọn Ẹ̀gbá kó Ọ̀tà, ìlú Àwórì tí ó lágbára jù ní agbègbè yẹn, ìjà Ẹ̀gbá àti Dàhòmì kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà fara balẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀kẹta ni ààlà tí ìjọba pa. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967, ẹ̀ka Ìkẹjà tí àwọn ìlú Alímọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó bọ́ sí Èkó. Ọ̀tà ṣẹ́ kù sí òdì kejì, ó sì di ara Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi gègé pín ènìyàn kan náà sí méjì. Ọmọ Ayọ̀bọ́ tí ó bá ń ka ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹbí rẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀tà tí kò jìnnà sí i, ìtàn erékùṣù ni wọ́n ó máa kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni èrò wá ya dé. Ní àárín 1970 sí 1983, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Lateef Jákándè kọ́ ẹ̀sítéètì sí agbègbè Ìpájà: ti Gowon, ti Shagari, àti ti Abẹ́sàn. Oko gbágùúdá àti ìdí ọ̀pẹ di títì láàárín ọdún mélòó kan. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tí ó pọ̀ tó o. Nígbà tí àwọn tí ó dé lánàá bá fi ìlọ́po púpọ̀ ju àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ lọ, ó rọrùn láti gbà pé ọjọ́ tí àwọn dé ni ìlú bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀sítéètì tó dé, ilẹ̀ yìí ti ṣe ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jẹ èrè rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880, James Pinson Labulo Davies, ọ̀gákọ̀ òkun àti oníṣòwò pàtàkì l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ oko kòkó ní Ìjọ̀n, ní ìwọ̀-oòrùn Agége. Orúkọ Ìjọ̀n ṣì wà nínú orúkọ wọ́ọ̀dù Ayọ̀bọ́ lónìí. Òun ni ọkọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọbìnrin tí ogun Dàhòmì kó ní kékeré, tí Ọbabìnrin Victoria sì gbà tọ́jú. Sarah kú sí erékùṣù Madeira ní 1880 náà, Davies sì gbé ọwọ̀n òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún un ní Ìjọ̀n. Ẹ wo ibi tí ọkùnrin tí ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀ mú láti fi rántí aya rẹ̀: kì í ṣe Marina, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, ìdí kòkó ni.

Láti oko Davies àti ti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni kòkó ti gba ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀. J. K. Coker, tí ó wà lára àwọn tí ó dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀ ní 1901, ní oko ńlá ní Ìfákò ní Agége, àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà sì kóra jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà tí ó wá ṣiṣẹ́ ní oko wọn láti ìlú òkè kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, bí a ti ń ṣán ìdí rẹ̀, bí a ti ń fọ́ ọ, tí a ń bò ó, tí a sì ń sá a sóòrùn. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, wọ́n gbé èso lọ́wọ́. Òpìtàn A. G. Hopkins ṣe ìwádìí tí ó jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n tan kòkó kálẹ̀ nílẹ̀ wa, pé agbègbè Agége sì ni orísun rẹ̀. Obì gbànja náà ríbi gbilẹ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì ń gùn lọ sí òkè Ọya lẹ́yìn náà, obì Agége àti àwọn abúlé tí ó yí i ká wá ń gba inú rẹ̀ lọ sílẹ̀ Haúsá. Owó kòkó ni a fi kọ́ Ilé Cocoa ní Ìbàdàn, gbogbo ayé sì mọ ilé yẹn. Ẹni mélòó ni ó mọ Ìjọ̀n?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àṣà, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀gàn pọ̀ sí jù.

Bí ìlú kan ní Alímọ̀ṣọ́ bá kéde Orò, ohun tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ayálégbé ni pé àwọn ọmọọ̀ta fẹ́ gba owó. Òtítọ́ ni pé àwọn kan ń fi orúkọ Orò dẹ́rù ba ènìyàn, kí àwọn àgbà ìlú sì dá wọn lẹ́kun ni ó tọ́. Ṣùgbọ́n Orò kọ́ nìyẹn. Láàárín Àwórì, Orò ni ohùn ìlú fúnra rẹ̀. Bí ọba bá wàjà, òun ni ó ń sin ín. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, òun ni ó ń gbé ibi jáde kúrò láàárín ìlú. Bí ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ bá ṣẹ̀, òun ni ó ń mú ìdájọ́ àwọn àgbà ṣẹ. Ìkéde a ti jáde tẹ́lẹ̀, ọjà a tú ní ọ̀sán, àwọn obìnrin àti àwọn tí kì í ṣe awo a wọlé, ìlú a pa lọ́lọ́. Ohùn ni aráàlú ń gbọ́ nínú òkùnkùn, a kì í rí i, n kò sì ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin kan ń béèrè ìdí tí wọn kò fi ní rìn lójú títì tí àwọn náà ń san owó orí fún. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí àwọn ọba àti ìjọba jókòó ti ara wọn lé e lórí. Kò tó ìdí láti sọ pé ìlú náà kò ní àṣà.

Ẹni tí ó bá sì rò pé Àwórì kò ka obìnrin sí, kí ó lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ̀. Àwọn Àwórì Ọ̀tà gbajúmọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wọn sì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣáájú lóru, tí ó ń kọrin ìwúre, tí ó sì ń bú àwọn tí ìwà wọn kò tọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn tí ń jó a jáde lọ́sàn-án. Ọkùnrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin ni wọ́n wọ̀. Wọ́n fi igi gbẹ́ ọmú, wọ́n fi aṣọ di ìdí kí ó lè yọ, wọ́n dé ère sórí, ère náà sì lè gbé aláte, ọlọ́pàá tàbí ejò tí ó ń bá ẹyẹ jà sórí. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n fi wé ara wọn dáadáa: gèlè ni, ọ̀já ìpọnmọ sì ni, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ìyá àdúgbò. Ọ̀já tí a fi pọn ọmọ lánàá ni ọkùnrin ń wọ̀ jó lónìí. Irin tí ó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ wọn ń dún bá ìlù mu, ìgbésẹ̀ kan kò sì gbọdọ̀ ṣìnà. Nítorí àwọn ìyá ni wọ́n ṣe ń jó, àwọn ìyá tí wọ́n ní àṣẹ láti bí àti láti ba nǹkan jẹ́, tí ọba kò tó ojú wọn í wò.

Ní 2001, nígbà tí UNESCO kọ́kọ́ kéde àwọn ohun àjogúnbá ẹnu àti àṣà tí ó tayọ láyé, mọ́kàndínlógún ni wọ́n yàn. Gẹ̀lẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Eré Elche láti ilẹ̀ Sípéènì náà wà níbẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdọọdún ni àwọn ará Elche ń fi orin ṣe eré ikú àti ìgòkè-re-ọ̀run Màríà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa María, ọkùnrin àti ọmọdékùnrin nìkan sì ni wọ́n ń ṣe é, títí kan ipò Màríà fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí i: ọkùnrin a wọ aṣọ obìnrin láti bọlá fún ìyá, ní Ọ̀tà àti ní Elche. Lórí ìwé kan náà ni wọ́n kọ wọ́n sí. Èyí tí ó wà ní Sípéènì ni a ń pè ní àjogúnbá ìlú àtijọ́, tiwa ni a ń pè ní eré àwọn ará oko.

Ó di dandan kí n bá àwọn ọmọ ìlú náà wí, nítorí pé kì í ṣe àlejò nìkan ni ó ń ṣi ìtàn sọ. Nínú ìjà oyè àti ìjà ilẹ̀, ẹbí kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀ tí lọ́yà bá a tò: pé ìlú àwọn ti wà láti ọdún báyìí gan-an, pé láti Ifẹ̀ tààrà ni wọ́n ti gbé adé wá, pé àwọn nìkan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ọdún tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ kò lè di òótọ́ nítorí pé a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àjọ̀dún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ yìí kò fìgbà kan jẹ́ ti Àwórì nìkan. Ẹ̀gbá ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Abúlé Ẹ̀gbá sì wà láti jẹ́rìí. Àwọn Haúsá ti ń wá ra obì ní Agége kí bàbá púpọ̀ nínú wa tó dáyé. Àwọn lébìrà oko kòkó wá láti ibi gbogbo, àwọn kan kò sì padà sílé mọ́. Gbígba àlejò wà lára ìtàn àwọn ìlú wọ̀nyí. Ọmọ Ìgbò tí ó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ìkọ̀tún lónìí kì í ṣe àjèjì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn kan ti gbà wá ṣáájú rẹ̀ ni òun náà gbà.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ẹ̀rí ń parẹ́ lójú wa. Igbó Orò ń di ilé ìtajà. Ojúbọ ń di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀ka èdè Àwórì, tí àwọn ìyá àgbà ṣì ń sọ, àwọn ọmọ ọmọ wọn kò gbọ́ ọ mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè tí wọ́n gé lára rẹ̀ ní 2003 ní owó fún ayẹyẹ lọ́dọọdún. Díẹ̀ nínú owó yẹn tó láti to orúkọ gbogbo ojúbọ, igbó àti ààfin tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀, kí a sì ya ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́jà.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ń gbé Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndò, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ lọ bá baálé tàbí àgbà kan ní àdúgbò yín, ẹ béèrè ẹni tí ó ń dáko níbi tí ilé yín wà kí wọ́n tó tà á, ohun tí ó ń gbìn, àti ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ mọ́ ọn.